Bùfẹ́ Tex-Mex olówó pọ́ọ́kú: bí ẹ ṣe lè jẹun níbẹ̀ kí owó yín má ṣòfò

Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ní Houston, ní Dallas, ní San Antonio àti láwọn ìlú kéékèèké tó wà láàárín wọn, ẹ ò ní ṣàìrí bùfẹ́ Tex-Mex, ìyẹn ilé oúnjẹ àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó ń gbé Texas, tó jẹ́ pé owó kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà: ẹ san án tán, ẹ bù ú fúnra yín, ẹ jẹ títí tí ẹ ó fi ní ó tó. Àwọn Yorùbá pọ̀ ní Houston, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì ń yà síbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí ebi bá ti ń pa àwọn ọmọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni pé wọ́n á bu ìrẹsì gègèrè, wọ́n á da ẹ̀wà lé e, wọ́n á fi chips àgbàdo há ẹ̀gbẹ́ àwo. Kí páànù enchilada tuntun (tortilla, ìyẹn búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, tí wọ́n ká mọ́ ṣíìsì tàbí ẹran tí wọ́n sì da ọbẹ̀ lé) tó ti ilé ìdáná jáde, ikùn ti kún.

Alásè lè mọ oúnjẹ sè dáadáa kí ó má dùn lẹ́nu yín níbẹ̀, nítorí ooru tó wà lábẹ́ páànù ló ń parí iṣẹ́ tí alásè bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ kan wà tí bí ó bá ṣe ń pẹ́ lórí ooru ni adùn rẹ̀ ń pọ̀ sí i, òmíràn sì wà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré á sọ di jákujàku. Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí dá lé lórí nìyẹn: èwo la ń bù, ìgbà wo la ń bù ú, báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó.

Ẹ má fi ojú oúnjẹ ìlú Mẹ́síkò gan-an wò ó. Àwọn ọmọ Mẹ́síkò tó ń gbé Texas ló dá Tex-Mex sílẹ̀ láti inú ohun tó wà nílẹ̀ níbẹ̀: ẹran màlúù lílọ̀, ṣíìsì aláwọ̀ ìyeyè, fùláwà àlìkámà, kúmínì púpọ̀. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní chili queens ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta chili con carne, ọbẹ̀ ẹran àti ata, ní gbàgede ìlú San Antonio nígbà náà. Nachos, ìyẹn chips àgbàdo tí wọ́n yọ́ ṣíìsì lé lórí, náà kò pẹ́ púpọ̀: ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940 ni Ignacio Anaya, tí wọ́n ń pè ní Nacho, to ti àkọ́kọ́ ní Piedras Negras, ìlú tó wà ní òdìkejì odò sí Eagle Pass ní Texas. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń bú wọn pé "èyí kì í ṣe ti Mẹ́síkò," òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kó jẹ́ ti Mẹ́síkò.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: èló ni oúnjẹ ọ̀sán, aago mélòó ni owó alẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n ń gba owó àgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Láwọn ilé oúnjẹ púpọ̀, ohun tó fi alẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀sán kò ju ẹran kan tàbí méjì lọ, síbẹ̀ owó alẹ́ ga jù. Ẹ tún béèrè bóyá iye ọ̀sán ń ṣiṣẹ́ ní Saturday àti Sunday, nítorí àwọn mìíràn ń gba owó alẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́ lọ́jọ́ méjèèjì yìí.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ sí aago kan ọ̀sán ló dára jù. Ẹ lè rò pé ibi tí èrò ò sí ló yẹ kí ènìyàn lọ. Ní bùfẹ́, òdìkejì rẹ̀ ni. Bí èrò bá pọ̀, páànù á tètè tán, wọ́n á sì gbé òmíràn wá. Láàárín aago méjì ààbọ̀ sí mẹ́rin ààbọ̀, páànù kan náà lè jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan, kí ẹ sì san iye tí ẹni tó jẹ tuntun san. Lálẹ́, aago márùn-ún ààbọ̀ sí méje ló dára.

Ti owó: ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí oúnjẹ bá jẹ́ dọ́là 12.99, tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò jẹ́ 2.99, ó di 15.98. Owó orí ọjà tí ìpínlẹ̀ Texas ń gbà jẹ́ 6.25%, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì lè fi tó 2% lé e, nítorí náà 8.25% ni ní Houston àti Dallas. Ó ti di 17.30. Ẹ fi dọ́là méjì sílẹ̀ fún ẹni tó ń palẹ̀ àwo mọ́, ó di 19.30. Bí ó bá jẹ́ omi lásán lẹ mu, tí kì í sábà lówó lórí, 16.06 ni gbogbo rẹ̀. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún tó mu omi ti fi dọ́là 16.20 pamọ́, iye yẹn sì ju owó oúnjẹ ẹnì kan lọ. Yàtọ̀ sí owó, ohun mímu oní-gáàsì máa ń wú ikùn, ẹ ó sì ṣe bí ẹni yó.

Ẹ kọ́kọ́ rìn yí tábìlì ká lọ́wọ́ òfo

Ẹ má tíì gbé àwo. Ẹ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ àti bí ó ṣe rí.

Inú omi gbígbóná ni wọ́n gbé àwọn páànù náà lé. Òfin ìmọ́tótó oúnjẹ fẹ́ kí oúnjẹ gbígbóná wà ní 135°F, ìyẹn 57°C, ó kéré tán, kí ti tútù má sì kọjá 41°F, ìyẹn 5°C. Èéfín tó ń rú díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ṣí ìdérí jẹ́ àmì rere. Bí ẹ bá bu ọbẹ̀, tó sì jẹ́ pé lílọ́wọ́ọ́rọ́ ló lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sọ fún wọn.

Ẹ wo bí páànù ṣe jìn tó. Ibi tó mọ iṣẹ́ ń lo páànù tí kò jìn ju bí ínṣì 2.5 lọ fún enchilada, kí oúnjẹ má baà pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí wọ́n lè tètè pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá to enchilada ní ìpele mẹ́ta nínú páànù jíjìn, ti ìsàlẹ̀ ti di ẹ̀kọ mímu nìyẹn. Àwọn àmì mìíràn: etí ọbẹ̀ tó ti gbẹ tó sì dúdú mọ́ ara páànù, ṣíìsì tó ti ya òróró sókè, queso (ọbẹ̀ ṣíìsì yíyọ́) tó ti fi awọ bojú, ìrẹsì tó le koko létí páànù. Bí ẹ bá rí méjì nínú wọn lára páànù kan, ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ bi òṣìṣẹ́ pé ìgbà wo ni tuntun ń jáde. Wọ́n máa ń sọ ọ́.

Ní apá oúnjẹ tútù, guacamole ni kí ẹ ṣọ́. Píà ni wọ́n fi ṣe é, afẹ́fẹ́ sì máa ń sọ ojú píà di àwọ̀ ilẹ̀. Àwọ̀ yẹn nìkan kò ní kí ó ti bàjẹ́. Abọ́ tí kò tutù ni ìṣòro. Níbi olówó pọ́ọ́kú, kíríìmù kíkan ni wọ́n fi ń là á. Bí ó bá funfun jù, ẹ má retí píà púpọ̀ nínú rẹ̀.

Àwo àkọ́kọ́: ohun tí ooru ṣe lóore

Àwo kékeré ni kí ẹ mú bí wọ́n bá ní i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọbẹ̀ ẹran. Carne guisada, ìyẹn ẹran màlúù tí wọ́n sè nínú ọbẹ̀ tó ki, ń rọ̀ sí i bí ó bá ṣe ń pẹ́ lórí ooru. Chili con carne náà bẹ́ẹ̀. Ìgbákọ kan èyí, ìgbákọ kan tọ̀hún, ó tó.

Tamale, ìyẹn ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi ẹran tàbí nǹkan mìíràn sínú, ni kí ẹ mú tẹ̀ lé e, ẹyọ kan tàbí méjì. Ooru ni wọ́n fi sè é láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, bí a ti ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀, nítorí náà tábìlì olóoru kò rí i bá jà. Háhá àgbàdo ni wọ́n fi pọ́n ọn. A kì í jẹ ewé mọ́ ẹ̀kọ, a kì í sì í jẹ háhá mọ́ tamale: ẹ tú u, kí ẹ jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀. (Ojú ti ẹlòmíràn níbẹ̀ nítorí èyí rí. Ó máa ń rí bí okùn lẹ́nu.) Bí ẹ bá tọ́ ọ wò, ẹ ó rí i pé kò kan bí ògì. Omi lásán la fi ń rẹ àgbàdo ògì títí tó fi kan. Àwọn ọmọ Mẹ́síkò máa ń se àgbàdo tiwọn nínú omi tí wọ́n po láìmù oníyẹ̀fun sí, kì í ṣe láìmù tó jẹ́ èso, kí èèpo rẹ̀ lè bọ́ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Láti ibẹ̀ ni òórùn àrà ọ̀tọ̀ tortilla ti wá.

Ẹ̀wà wọn, frijoles refritos, dà bí ẹ̀wà àgọ̀yìn tí wọ́n tẹ̀ títí tó fi kúnná, ṣùgbọ́n kò sí ata díndín lórí rẹ̀. Ó dùn, ó sì wúwo. Síbí méjì péré. Ìrẹsì pupa wọn náà, síbí méjì. Ojú tí a fi ń wo ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kọ́ ni ká fi wo èyí: wọ́n dín in díẹ̀ nínú òróró, wọ́n wá fi tòmátì àti omi ẹran sè é, kò sì ní í ta. Àwọn méjèèjì ni kò wọ́n lọ́wọ́ onílé oúnjẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tò wọ́n sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, níbi tí ebi ti ń pa ọ́ jù.

Enchilada ṣíìsì wà láàárín rere àti búburú. Bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, wọ́n á kọ́kọ́ ri tortilla àgbàdo bọ òróró gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, òróró yẹn ni kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ tètè mù ún. Níbi tí wọ́n ti fo ìgbésẹ̀ yìí, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni á ti máa fọ́. Ẹ dán an wò: ẹ ti ìgbákọ pẹlẹbẹ sí abẹ́ ẹyọ kan, kí ẹ gbé e sókè. Bí ó bá jáde lódindi, ẹ mú méjì. Bí ó bá já sí méjì, ẹ rọra dá a padà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa lọ. Láti àárín páànù ni kí ẹ sì ti mú un, etí ló ń kọ́kọ́ gbẹ.

Ata wọn

Ẹ má bẹ̀rù. Lórí òṣùwọ̀n Scoville tí wọ́n fi ń mọ bí ata ṣe ta tó, jalapeño kò ju 2,500 sí 8,000 lọ, ata rodo wa sì wà ní 100,000 sí 350,000. Ohun tó máa yà yín lẹ́nu jù ni pé ọbẹ̀ pupa dúdú tó wà lórí enchilada kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ta rárá. Ata gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní ancho ló wà nínú rẹ̀, fún àwọ̀ àti òórùn. Kúmínì lẹ ó gbọ́ lẹ́nu.

Ẹ kán salsa, ìyẹn ọbẹ̀ ata tútù wọn, kọ̀ọ̀kan sórí chips kan kí ẹ tó dà á sórí oúnjẹ. Salsa aláwọ̀ ewé lè jẹ́ ti tomatillo, èso aláwọ̀ ewé kan tó jọ tòmátì, tó kan díẹ̀, ó sì lè jẹ́ ti jalapeño pọ́nńbélé. Jalapeño inú ọtí kíkan, tó wà pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà, ló dára jù lórí gbogbo tábìlì fún ẹni tó fẹ́ ata: ìkan rẹ̀ máa ń gé ọ̀rá ṣíìsì lẹ́nu. Ege mẹ́rin sí márùn-ún lẹ́bàá àwo ti tó. Chips ńkọ́? Mẹ́fà sí mẹ́wàá, fún ìtọ́wò. Apẹ̀rẹ̀ chips kan ló ti ba oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́.

Ẹlẹ́dẹ̀ tó sá pamọ́ sínú ẹ̀wà

Àwọn Mùsùlùmí, àti ẹnikẹ́ni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ fara balẹ̀ síbí. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó hàn gbangba kò ṣòro láti yẹra fún: chorizo, carnitas, chicharrón. Èyí tí kò hàn ló ń ṣeni. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń dín ẹ̀wà láti ilẹ̀ wá. Òun ni wọ́n ń po mọ́ ìyẹ̀fun tamale. Ó sì lè wà nínú tortilla alálìkámà. Àwọn ilé oúnjẹ púpọ̀ ti ń lo òróró, ṣùgbọ́n ojú kò lè mọ èyí, ẹnu nìkan ló lè béèrè.

Ẹ má béèrè pé "ṣé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀?" Òṣìṣẹ́ lè rò pé ẹran lẹ ń wí, kó sì dáhùn pé rárá láìpurọ́. Ọ̀rá ni kí ẹ dárúkọ. Ní èdè Sípéènì: "¿Los frijoles llevan manteca?" Manteca ni ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ yẹn. Ẹ tún un bi fún tamales àti tortillas de harina. Bí ó bá wà nínú ẹ̀wà tí wọ́n tẹ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n ní ẹ̀wà olómi, frijoles charros, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bacon ni wọ́n sábà ń gé sínú ìyẹn. Tortilla àgbàdo kì í sábà ní ọ̀rá nínú. Ti halal lọ́rọ̀ ẹran màlúù àti adìyẹ, bí kò bá sí àkọlé lára ògiri, ẹ má rò pé ó jẹ́ ẹ.

Ẹni tí mílíìkì ń da inú rẹ̀ láàmú, kó gba ti ṣíìsì pẹ̀lẹ́. Queso, kíríìmù kíkan àti enchilada ṣíìsì lórí àwo kan náà máa sọ̀rọ̀ kí ẹ tó délé.

Àwo kejì: ohun tí ooru ń pa

Àwo tuntun ni kí ẹ mú, kí ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. Òfin ìmọ́tótó ni, kì í ṣe ìgbéraga: ìgbákọ tó kan àwo tí ẹnu ti kàn á gbé àrùn padà sínú páànù gbogbo ènìyàn.

Ìgbà yìí ni kí ẹ ṣọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Flautas, tí í ṣe tortilla tí wọ́n ká mọ́ ẹran tí wọ́n sì dín, dùn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lẹ́yìn tó jáde. Lẹ́yìn náà, ooru omi á rọ̀ ọ́, á sì máa fà bí awọ. Chile relleno, ata tí wọ́n ki ṣíìsì sí nínú tí wọ́n sì fi ẹyin bò dín, kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí kò bá jẹ́ ojú yín ni wọ́n gbé e dé, ẹ fi í sílẹ̀.

Taco líle, ìyẹn tortilla dídín tí wọ́n ṣẹ́ po kí ẹran lè wọ inú rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ dì í, lórí tábìlì yín, kì í ṣe lórí ìlà. Ẹ bu ẹran lílọ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ fi ìgbákọ fún omi ọ̀rá rẹ̀ dànù sí ẹ̀gbẹ́ páànù kí ẹ tó bù ú. Síbí ẹran méjì ni yóò kọ́kọ́ wọlé, ṣíìsì á tẹ̀ lé e kí ooru ẹran lè yọ́ ọ, ewé àti tòmátì ni yóò gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí tòmátì bá kọ́kọ́ wọlé, omi rẹ̀ á mu ìdí taco, á sì já sí yín lára.

Fajita orí tábìlì olóoru kò tó nǹkan. Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó ti orí iná gbígbóná wá sí ẹnu ni. Bí ó bá jókòó sínú omi ara rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ó di rọ́bà. Bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tó ń yan ẹran tàbí tó ń ṣe tortilla lórí irin gbígbóná, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ lọ tò sí. Ẹ gba tortilla kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ padà wá fún òmíràn. Tortilla tó tutù máa ń ya ní ojú ìká.

Sopapilla

Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un. Fùláwà ni, wọ́n tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n gé e sí igun mẹ́rin, wọ́n jù ú sínú òróró tó gbóná tó bí 375°F (190°C). Omi inú ìyẹ̀fun náà á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, á sì wú u bí ìrọ̀rí, inú rẹ̀ á ṣófo. Ibi tó ti yàtọ̀ sí púfúpúfù nìyẹn: tiwa ní ìwúkàrà, inú rẹ̀ sì kún. Bí òróró wọn kò bá gbóná tó, kò ní wú, á kàn mu òróró. Bí ẹ bá rí èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ má mú un.

Ẹ gé igun kan jẹ, kí ẹ da síbí oyin kékeré kan sí inú ihò náà, kí ẹ yí i kí oyin lè kárí. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ni adùn rẹ̀ wà. Ẹyọ méjì péré fún ẹnì kan. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kì í dùn bí ti àkọ́kọ́.

Owó, àsíá àti ìwà

Pancho's Mexican Buffet, tó bẹ̀rẹ̀ ní El Paso ní 1958, ló sọ àsíá kékeré orí tábìlì di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí: bí oníbàárà bá ń fẹ́ sí i, á fa àsíá sókè lára ọ̀pá rẹ̀, òṣìṣẹ́ á sì wá gbọ́ ohun tó ń fẹ́. Níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má pariwo, ẹ má sì pàtẹ́wọ́ pe ẹnikẹ́ni. Ẹ fa àsíá, ẹ dúró, kí ẹ sọ ohun gbogbo tí gbogbo tábìlì ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì rántí láti fà á sílẹ̀ bí ẹ bá ti yó. Àwọn ọmọdé kì í jẹ́ kó sinmi.

Ẹnì kan kì í sanwó kí ẹni méjì jẹ ẹ́. A kì í di oúnjẹ lọ sílé pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń fẹ́ ti ilé, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń wọn ọ́n tà ní páùn. Àwọn kan ń gba owó ìfiṣòfò lórí àwo tí ẹ kún tí ẹ ò jẹ, ó sì máa ń wà lára àkọlé ẹnu ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kì í kà.

Ẹ̀yin lẹ bu oúnjẹ fúnra yín, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń kó àwo, ó ń bu omi. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gba agbanisíṣẹ́ láyè láti san dọ́là 2.13 péré ní wákàtí kan fún òṣìṣẹ́ tó ń gba tíìpù, Texas sì ń lo iye yẹn. Dọ́là kan ààbọ̀ sí méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ló bójú mu, kí ó sì jẹ́ owó ọwọ́ lórí tábìlì bó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà lẹ ti sanwó kí ẹ tó jókòó. Bí ẹ bá pọ̀ tó ẹni mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ka rìsíìtì kí ẹ tó fi owó sílẹ̀: tíìpù lè ti wà nínú rẹ̀, lábẹ́ orúkọ gratuity, ní ìlà tó kángun sí ìsàlẹ̀.